Orúkọ Tí Tàbáwà Kì Í Pè

Ní Kàtsínà láyé ọjọ́un, kò sí ẹni tó mọ òwú ran bíi Tàbáwà, kò sì sí ẹni tó nítìjú tó o. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín débi pé àwọn ahunṣọ máa ń jà lé e lórí. Ti ìtìjú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Nílẹ̀ Haúsá, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀, kì í gbé e jó lójú èèyàn, kì í sì í kẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á fún ọmọ lórúkọ ìnagijẹ, wọ́n á sì máa bá a ṣeré nínú yàrá. Tàbáwà kò mọ ọgbọ́n kankan dá. "Ìwọ" ló ń pe Nómáù, àkọ́bí rẹ̀, láti ìgbà tó ti bí i. Bí ọmọ náà bá kọjá, á gbé ojú sílẹ̀ bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tọ́ Nómáù. Àwọn àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ wọn kì í kúrò lẹ́nu Tàbáwà. Nómáù ń gbọ́, ó sì ń gbé e sínú. Nígbà tó fi máa di géńdé, tó ń bá àwọn ọ̀mọlé ṣiṣẹ́, kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ti gbà pé ìyá òun kò fẹ́ràn òun. Èyí dun Tàbáwà wọra, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún?

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n ń tún odi ìlú mọ, àwọn obìnrin sì ń gbé fùrá, ohun mímu ọkà tí wọ́n fi wàrà pò, lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Tàbáwà náà gbé igbá tirẹ̀. Gágárè, ọmọ ìlú Góbìr kan tó ń po amọ̀ níbẹ̀, rí i. Ará Góbìr àti ará Kàtsínà kò sì lè ríra kí wọ́n má fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, kí kálukú máa pe èkejì ní ẹrú òun.

"Ẹrú mi dé! Ta lo gbé fùrá wá fún?"

"Pa ẹnu rẹ dé, ẹrú baba mi. Ẹni yẹn ni."

"Ẹni yẹn wo? Ṣé kò lórúkọ ni?"

Ẹ̀rín sọ. Nómáù wà lẹ́sẹ̀ odi, ó kẹ́yìn sí wọn, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ibẹ̀ ni Tàbáwà ti rí i pé odi àtijọ́ tó wà lókè orí Nómáù ti sán, ó sì ń yẹ̀ bọ̀.

"Ìwọ!" Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló bojú wẹ̀yìn, àfi Nómáù. "Ìwọ! Ìwọ yẹn! Kúrò níbẹ̀!" Gágárè fúnra rẹ̀ fò sẹ́yìn. Nómáù ṣì ń to amọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti pinnu pé òun kò ní dáhùn sí "ìwọ" mọ́.

"Nómáù! Nómáù o!"

Ó yíjú padà wìrì, ó sọ amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré tọ ohùn náà wá. Kò tíì rìn jìnnà tí odi fi wó gbì sí ibi tó ti dúró.

Gágárè ló kọ́kọ́ lahùn. "Ẹ wá gbọ́ o! Obìnrin Kàtsínà pe àkọ́bí rẹ̀ ní gbangba! Ojú ò tì ọ́!"

Ojú ti Tàbáwà lóòótọ́. Ó ti fi ìborùn bo orí mọ́lẹ̀. Nómáù dúró níwájú rẹ̀, eruku bò ó.

"Ìyá mi, ẹ pè mí."

"Ẹlòmíì ni mo pè."

"Nómáù mìíràn wà níbí?"

"Ó wà."

Nómáù rẹ́rìn-ín. Ó gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì mu fùrá náà tán pátápátá.

Títí Tàbáwà fi kú, "ìwọ" náà ló padà ń pè é. Nómáù kì í sì í jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì.