Iyàrá Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa Ní Ọ̀kà

Bíi bàtà tuntun ni iyàrá kọ̀ǹpútà ṣe ń rùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún wa. Kùrukùru bo àwọn òkè Ọ̀kà débi pé a kò rí àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé. A tò síwájú ilẹ̀kùn, a ń mí sí àtẹ́lẹwọ́ wa nítorí òtútù, ọ̀gá ilé-ìwé sì ń ṣí àgádágodo. Àwọn kọ̀ǹpútà náà wà lórí tábìlì, ọ̀rá wọn ṣì wà lára wọn. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé lókè òkun ló fi wọ́n ránṣẹ́. Wọ́n ní kí a wò wọ́n, kí a má fọwọ́ kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n ti ilẹ̀kùn padà, wọ́n sì fi pákó kan gbogbo fèrèsé pa nítorí olè.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kàn án. Iná kò sí. Kọ́pà tí wọ́n rán wá kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlà-oòrùn tí Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó, àwa náà yà á sí páálí, a sì ń fi ìka tẹ páálí. Bọ̀sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ló yára jù nínú wa. Ọmọ Ṣúpárè ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ládùúgbò wa. Bí a bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bá ìyá mi lọ sọ́jà Ìkàrẹ́, ìka rẹ̀ á máa jó lórí itan rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, odó òfìfo lẹ̀ ń gún." Bọ̀sẹ̀ á rẹ́rìn-ín. "Iṣu ń bọ̀, Màmá."

Nígbà tí ìdánwò kù díẹ̀, Kọ́pà ní kò tọ́ kí a jókòó ṣèdánwò láìtíì rí kọ̀ǹpútà tó tàn rí. Ó yá jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ télọ̀ kan, ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ó fa wáyà wọlé. Bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe tàn, gbogbo wa hó yèè. Inú Kọ́pà dùn ju tiwa lọ. Kò pẹ́ ni òjò dé, ó ya lu páànù láìkìlọ̀. Kọ́pà àti àwọn ọmọkùnrin kan sáré gbé jẹnẹrétọ̀ náà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa gan-an, kí omi má bàa bà á jẹ́. Òjò ń fẹ́ wọlé, a bá ti ilẹ̀kùn.

N kò mọ ìgbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Èébì ń gbé mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ jáde." Kọ́pà kàn mi orí pé kí n lọ, òun náà ti ń fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. Mo di Bọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ó kàn án láti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

"Bọ̀sẹ̀, dìde, jẹ́ ká lọ."

"Jẹ́ n parí orúkọ mi ná," ló wí, kò tilẹ̀ wojú mi.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti ń bì nínú òjò nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Wọ́n ń wọ́ àwọn ọmọ jáde kúrò nínú èéfín. Afẹ́fẹ́ ìta jí àwọn yòókù, kò jí Bọ̀sẹ̀. Kọ́pà fúnra rẹ̀ ló pọn Bọ̀sẹ̀ dé ojú títì, ẹsẹ̀ òun náà kò sì ranlẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́. Bọ̀sẹ̀ kò padà wá.

Ìyá rẹ̀ gun ọ̀kadà wá láti Ṣúpárè. Kò sunkún lójú wa. Ó kàn bi mí pé, "Rámátù, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wọlé níbẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."



Gbogbo ìlú dá Kọ́pà lẹ́bi. Àwọn ọ̀dọ́ kan mú igi lọ sí ilé tó ń gbé, ọlọ́pàá ló yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, a kò sì rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí pé wọn kò nà án. Ìyá mi nìkan ni kò bá wọn dá a lẹ́bi. "A kì í wo ibi tí a ṣubú sí," ló ń wí ṣáá, "ibi tí a ti yọ̀ là ń wò." N kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ìdánwò dé, bírò la fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó ní kí a tẹ ohunkóhun.

Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ báyìí, mo sì ti dàgbà ju Kọ́pà ìgbà náà lọ. Lójú mi nígbà yẹn, àgbàlagbà tó mọ ohun gbogbo ni. Bí mo bá rántí ojú rẹ̀ nísinsìnyí, ọmọdé ni mò ń rí, ọmọdé tí wọ́n rán wá sí ìlú tí kò mọ̀, tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Mo sì máa ń ronú nípa gbogbo ọwọ́ tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí òjò tó ṣú: ọwọ́ tó fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ síbi tí kò síná, ọwọ́ tó kan fèrèsé pa, ọwọ́ tó rán Kọ́pà wá lófo. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bínú sí, ó sì mọ ilé rẹ̀. Àwọn tí èmi àgbà ń bínú sí pọ̀, n kò sì mọ ilé ẹnì kankan nínú wọn.