Bí Ọkọ̀ Omi Má-Kánjú Ṣe Gun Òkè

Má-Kánjú ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ mi, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Bí iná bá ń jó lórí òrùlé, á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀, á gbọn eruku ara rẹ̀ nù, kó tó béèrè ibi tí omi wà. Èmi ní tèmi, ara mi kì í gba ìdúró. Bí àwa méjèèjì ṣe ń gbé inú ilé kan náà láti ìgbà èwe wa títí ewú fi bo orí wa, Ọlọ́run nìkan ló yé. Bí inú mi bá dùn sí i, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Bí inú bá ń bí mi, "ẹ" náà ni, ṣùgbọ́n ó mọ ìyàtọ̀ dáadáa.

Omi ló ń gbé. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan báyìí, onímú gígùn, tí táńkì omi wà lẹ́yìn rẹ̀, ló fi ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ lọ sí àwọn ilé orí òkè tí omi ẹ̀rọ kì í dé. Ọkọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó wọlé rẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé orogún mi ni, pé òun gan-an ni ìyáálé, torí kò sí àárọ̀ kan tí ọkọ mi kì í kọ́kọ́ lọ kí i kó tó kí mi. Á fọwọ́ ra á nímú, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá epo ń kán, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń rántí pé èèyàn wà nínú ilé.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kọ́kọ́ darúgbó. Ó ń tú èéfín dúdú, bó bá sì ti dé ìdajì òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Jíà rẹ̀ le bí ọkàn Fáráò, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ òsì tẹ̀ sì wúwo débi pé orúnkún òsì ọkọ mi wú, ó wá ń tiro. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó orúnkún náà, tí mo sì ń fi ọ̀rọ̀ gún un lára bí mo ṣe ń jó o.

Lọ́jọ́ kan, òjò ti rọ̀, táńkì kún, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí òkè ti ga jù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn wálẹ̀, bíréèkì ò sì lè dá a dúró tán. Ògiri ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ló fi ẹ̀yìn gbá wó kó tó dúró. Orí kó gbogbo èèyàn yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni obìnrin aránṣọ náà máa ń jókòó sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ mu omi ni. Nígbà tí ọkọ mi délé, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, kò wọlé. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí ẹnu mi ṣe lè ròyìn rẹ̀ lọ.

Ó wá ṣe ìpinnu. Ó ní òun máa yọ ẹ́ńjìnnì àti jíà àtijọ́ náà, òun á fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Bí ọkọ̀ náà bá lè gbé táńkì kíkún dé orí òkè láìdúró, òun á máa bá iṣẹ́ òun lọ. Bí kò bá lè gbé e, òun á pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, torí òun ò ní fi ẹ̀mí ọmọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ mọ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ti wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọkùnrin yìí ti ń jókòó sínú ilé ìdáná mi, tó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà, tí kì í sì í jẹ oúnjẹ tí mo bá fi àlùbọ́sà náà sè tán. Ó ń rù. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gé ọkọ̀ yẹn, ọkọ mi ò ní pẹ́ tẹ̀lé e.

Mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ náà, mọ́tò bọ́ọ̀yì ọkọ mi ni nígbà kan rí. Abẹ́ ọkọ̀ yìí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di sípánà mú. Ní báyìí òun náà ti di ọ̀gá, ó ti níkùn, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ kì í jókòó sórí àga bí ọkọ mi bá wà ní tòsí. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ó fi ẹ̀wọ̀n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun náà sọ̀ kalẹ̀ sínú imú ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wẹ́dà kan tó ń jó irin sì jó ìjókòó tuntun tí ẹ́ńjìnnì náà máa gbé lé mọ́ egungun ọkọ̀. Jíà tuntun ló wá kúrú ju ti àtijọ́, nítorí náà ọ̀pá gígùn tó ń gba agbára lọ́wọ́ jíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Ṣáàfù ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà. Wẹ́dà fi irin kún un. Nígbà tó kù kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀, ọkọ mi ní kí gbogbo wọn bọ́ sẹ́yìn, òun nìkan ló mọ bó ṣe máa ń wọlé. Tòun ti orúnkún tó wú, ó wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó so ó fúnra rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà dún dáadáa. Kílọ́ọ̀ṣì rọ̀, ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde sí títì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀, ó kó sí gbígbọ̀n. Ìjókòó ń gbọ̀n, ilẹ̀ ń gbọ̀n, dígí ẹ̀gbẹ́ kan já bọ́. Táńkì ò tíì ní omi kankan o. Ọkọ mi wà á wá sí iwájú ilé wa, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ó ní, "Egungun àgbà ò gba agbára ọmọdé. Mo ti pe àwọn onírin. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la."

Ó lọ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Èmi wé gèlè mi kó le, mo forí lé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, torí mo gbà pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti to èébú sẹ́nu láti ilé. Ó jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tó ti mọ́, kò wo ojú mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Jíà náà ò ṣe nǹkan kan. Ṣáàfù ni. Ó ní etí méjì níwájú, ó ní méjì lẹ́yìn, ó sì yẹ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Ti iwájú dúró, ti ẹ̀yìn dùbúlẹ̀. Bí èèyàn méjì bá gbé bẹ́ẹ̀dì, tí ẹsẹ̀ wọn ò bára mu, bó ṣe máa rí náà nìyẹn."

"O rí i nígbà tí wọ́n ń so ó?"

"Mo rí i, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀gá ló ń so ó. Àwọn ló kọ́ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú àwọn èèyàn kí n ní ọ̀gá ò mọ̀ ọ́n so?"

Ó ní òun ti pète pé bí ọ̀gá bá ti lọ sílé, òun á yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, òun á tún un ṣe, ẹnì kan ò sì ní gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbé ọkọ̀ lọ. Inú bí mi débi pé mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀wọ̀ fágbà ti fẹ́ di ìsìnkú àgbà. Mo fà á lápá aṣọ, ó di ilé wa.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń kólòlò. Mo ní bí kò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, ó sì mọ bí ẹnu tèmi ṣe rí. Ló bá sọ ọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi dìde jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé tí mo rí i kó jáde láìwá bàtà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ kan etí iwájú, ó fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn la gbọ́ tó ní kí wọ́n gbé sípánà wá. Àwọn méjèèjì tú orí ọ̀pá náà, wọ́n yí i kí gbogbo etí rẹ̀ lè kọjú síbì kan náà, wọ́n dè é padà.

Nígbà tí ọkọ mi jáde, ó di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ náà léjìká mú.

Ó ní, "Mo kọ́ ẹ ní iṣẹ́ ọkọ̀. Mi ò kọ́ ẹ pé kó o máa wò mí níran bí mo bá ń ṣubú."

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pọn omi kún táńkì títí ó fi ń ṣàn lẹ́nu. Mo ní èmi náà ń lọ. Ọkọ mi ní rárá, mo sì ti jókòó kó tó sọ ọ́ tán. Mẹkáníìkì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibi tí òkè ti ga jù, mo rí i pé obìnrin aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sọdá sí òdìkejì títì, ó káwọ́ gbera, ó ń wò wá. Mi ò dá a lẹ́bi. Ọkọ mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà sílẹ̀, jíà náà wọlé láìpariwo. Ohùn ẹ́ńjìnnì ki, ọkọ̀ tẹ orí ba, ó ń gòkè. Kò gbọ̀n. A kọjá ògiri tó wó, a kọjá ilé tó tẹ̀ lé e, mo rí ojú ọ̀run níwájú wa, mo wá mọ̀ pé a ti dé òkè. Èémí tí mo ti há mọ́ àyà láti ìsàlẹ̀ wá, ìgbà náà ni mo tó mí in jáde. Ara tù mí débi pé mo sunkún, mi ò sì tijú. Ọkọ mi fi fóònù rẹ̀ pe àwọn onírin, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu.

A já omi náà tán. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó yí wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ náà rí, títí kan èmi tí mo bí ọmọ fún un.

Ó ní, "Ìwọ ni kó o wà á sọ̀ kalẹ̀. Bó o bá ṣì í wà, o máa gbọ́ lẹ́nu mi."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Kí a tó dé ìdajì òkè, Má-Kánjú ti gbórí lé èjìká mi, ó ń hanrun.