Ìfun Bàbá Làmídì

Òórùn sípírítì ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kí màmá mi tó wọlé. Láàárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, nílé wa ní Hanwa ní Zaria, òórùn náà dàpọ̀ mọ́ ti kosai tí obìnrin kan ń dín lẹ́nu ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé títí dòní, bí nọ́ọ̀sì bá fi òwú nu apá mi, ebi àkàrà ló máa ń pa mí.

Dókítà ni màmá mi, ṣùgbọ́n kì í fún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá ló ń ṣèwádìí rẹ̀ ní yunifásítì. Iṣẹ́ náà kò yé àwa ọmọ. Ìyá àwọn ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ dókítà ń wo aláìsàn sàn. Tiwa ń bẹ aláìsàn pé kó fún òun ní ẹran ara rẹ̀ díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó bẹ̀ ti sá lọ. Bàbá Làmídì ni, ará Ìlọrin tó ń ta ẹ̀wà ní Sabon Gari kí wọ́n tó bí màmá mi. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun rẹ̀. Màmá mi lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun fẹ́ bíńtín lára èyí tó bàjẹ́, àti bíńtín lára èyí tó dára. Bí bàbá ṣe gbọ́ "èyí tó dára," ó wọ bàtà, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Bí wọn kò bá sì tètè gé e, nǹkan náà yóò tàn ká. Oúnjẹ kò wọ màmá mi lẹ́nu mọ́. "Ẹnu mi ló máa pa bàbá yìí," ó ń sọ ọ́ fún ìkòkò, ó ń sọ ọ́ fún ògiri.

Ní Sátidé náà, Ìyá Rìsí, ìyàwó bàbá, wọ́ ọ wá sílé wa.

"Ìyàwó mi dà?" bàbá bèèrè. Èmi ni o, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Orogún mi, wá gbé omi fún ọkọ wa," Ìyá Rìsí ní. "Ẹ̀rù ti gbẹ ọ̀fun ẹ̀."

Màmá mi ni bàbá kọjú sí. "Dókítà, èyí tó bàjẹ́, mo fún yín pátápátá, n kò gba kọ́bọ̀. Èyí tó dára ńkọ́? Haba! Kí ló ṣe yín?"

Màmá mi ní kò pọn dandan kó fún òun ní nǹkan kan. Kó ṣáà jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní oníṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ nínú ibi tó dára mọ́ ọn, kí ìdọ̀tí kankan má ṣẹ́kù. Nínú èyí tí wọ́n bá ti gé náà ni òun ti fẹ́ mú ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Màmá mi fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní àwọn jíìnì inú ara dà bí ìwé ìtọ́ni, ìwé kan náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ẹran tó dára àti èyí tó bàjẹ́. Ojú ewé tí wọ́n ń kà ló yàtọ̀. Nínú jẹjẹrẹ, ojú ewé tó yẹ kí wọ́n rọra kà ni wọ́n ń ké tantan. Èyí tó ní "ó tó, ẹ dúró," ẹnikẹ́ni kò kà á mọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá jà: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí n kò bá gbọ́ ohùn èyí tó dára, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé èkejì ń pariwo?"

"Ẹ lọ gbọ́ ti ẹlòmíì."

"Ohùn oníkálukú yàtọ̀, bàbá."

"Òótọ́ ni," Ìyá Rìsí ní. "Èmi mọ̀gbà tí Alhaji bá ń pariwo, torí mo mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá ṣe jẹ́ẹ́."

"Ìgbà wo ni mo máa ń ṣe jẹ́ẹ́?"

"Tẹ́ ẹ bá sùn."

Ibẹ̀ ni mo gbé omi wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń rajà lọ́wọ́ bàbá yìí. Tó bá wọn ẹ̀wà kún abọ́ mudu, á dúró, á máa wò mí lójú, àfi tí mo bá sọ gbólóhùn kan kó tó bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Bí mo ṣe bá wọn nídìí ìnájà yìí, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀:

"Bàbá, ẹ fi èènì sí i."

Màmá mi wò mí. Àwọn tí ìyá wọn ti wò rí yóò mọ ìwò náà. Ṣùgbọ́n bàbá ti bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. "Kai! Wọn ò ní gbọ́ ọ ní Zaria pé ẹnì kan gba ọjà lọ́wọ́ Làmídì, tí kò gba èènì. Dókítà, ẹ mú èènì yín. To, shi ke nan, ó parí."

Màmá mi ṣì tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá a lójú. Bàbá ní kó má bà á lọ́jà jẹ́.

Wọ́n gé e, ó sì yè. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó wá bèèrè ohun tí ẹran ara òun sọ. Màmá mi tẹ́ bébà kan tó kún fún àmì pupa àti àwọ̀ ewé síwájú rẹ̀: pupa ń pariwo, àwọ̀ ewé dákẹ́. Bàbá wò ó pẹ́. "Àwọn pupa yìí," ó ní, "wọn ò jọ ará ilé wa. Àwọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni Làmídì." Ìyá Rìsí gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Mo ti di oníròyìn báyìí. Ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Lóṣù tó kọjá, ikùn ń dà mí láàmú, dókítà ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ìfun mi. Mo bi í ní ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn, títí ó fi bèèrè bóyá àyẹ̀wò ni mo bá wá tàbí ìròyìn. Ọmọ tó gbé omi wọlé lọ́jọ́ náà kò mọ nǹkan kan nípa ìfun, ó sì fi gbólóhùn kan mú àgbàlagbà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Èmi tí mo ti mọ gbogbo rẹ̀, lọ́jọ́ àyẹ̀wò tèmi, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di okùn ṣòkòtò mi mú níwájú nọ́ọ̀sì.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ tú u, ẹ jọ̀ọ́."

Mo tú u.