Láwàl Etí Ilẹ̀

Láwàl, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló mú kí ìyàwó tó ń lọ Ẹ̀pẹ́ sùn sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọdún 1956 ni, ní Ìgbògbò. Wọ́n ń sin Kúlúsúmù lọ sétí ọ̀sà, ọkọ̀ ti ń dúró, ni Láwàl bá yọ láti inú igbó pẹ̀lú àsíá pupa.

"Ẹ dúró! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mira!"

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn òyìnbó tó ń wá epo rọ̀bì a gbẹ́ ihò, wọ́n a ri dínámáìtì sínú rẹ̀, wọ́n a yìn ín kó dún. Láwàl a to etí irin kéékèèké sílẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ bí ìró náà ṣe ń padà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wáyà á gbé e lọ sínú mọ́tò àwọn òyìnbó, ẹ̀rọ á yà á sórí bébà. Bí ewúrẹ́ bá fẹsẹ̀ janlẹ̀ nítòsí, bébà bàjẹ́ nìyẹn.

Fàósátù, ìyá àgbà ìyàwó, wà níbẹ̀ tẹrùtẹrù. "Láwàl, ọkọ̀ ń lọ o!"

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Kí ló fẹ́ sọ?"

"Ẹ dákẹ́ ká gbọ́ ná!"

Wákàtí mẹ́ta gbáko kí ilẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Kúlúsúmù fi máa dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn àna ti jẹ oúnjẹ tán, wọ́n ti ń bá ọkọ ìyàwó kẹ́dùn.

Ká má parọ́, ẹ̀rù ló ń ba Láwàl. Bébà méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ti búra pé ẹ̀kẹta ni yóò lé e lọ sílé. Bébà kejì yẹn ló gbé sáré wálé, tó tẹ́ síwájú Fàlílátù, ìyàwó rẹ̀.

"Odó rẹ nìyí! Ibi tí o ti gún ata nìyí, ibi tí o ti mí nìyí, ibi tí o ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyí!"

Fàlílátù wo ìlà wọ́gọwọ̀gọ náà títí. "Bàbá Síkírù, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ibo ni mo ti fi iyọ̀ sí i?"

Láti ọjọ́ náà ni Láwàl ti ń gbé ọmọ odó kọ́ èjìká lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ata inú ọbẹ̀ Fàlílátù ò wá rí gígún mọ́, ó le débi pé ó lè ká ẹni léyín. Ọ̀gá bi Láwàl pé irú irinṣẹ́ wo nìyẹn.

"Òun ló fẹ́ lé mi níṣẹ́, sà. Mo mú un dání kí n lè máa ṣọ́ ọ."

Bébà kẹta ò bàjẹ́. Iṣẹ́ ló tán. Wọn ò rí epo, àwọn òyìnbó kó etí irin wọn, wọ́n lọ. Láwàl ò gbà. "Ó wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ kàn ń fi í pamọ́ ni." Títí ó fi kú, bí adìyẹ bá ń tan ilẹ̀, á pariwo mọ́ ọn pé kó rọra. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ọmọ odó náà ń sùn.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Fàlílátù fa ọmọ odó yọ, ó sì yí odó kúrò lẹ́yìnkùlé lọ sójúde. Àwọn ará ilé ní kí ló dé.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ kó máa fi ariwo pa mí ni?"

Ó rọra gún ata náà, bí ẹni ń gún ẹyin. Ó dúró. Ó bu iyọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Síkírù, mo ti fi iyọ̀ sí i o."