Kọ̀ǹpútà Tí Yóò Sáré Ju Àwọn Oníná Lọ

Ní ọdún 1987, kò sí ẹ̀dá alààyè kan ní Arkilla ní ìlú Sókótó, títí dórí àwọn ewúrẹ́, tí kò mọ̀ pé Ọlábíyìí Fádípẹ̀ ń lé oyè dókítà. Olùkọ́ ìṣirò ni. Oyè náà ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí rẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí o kò bá pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Dókítà, kò ní dá ọ lóhùn, ilé ì báà máa jó.

Ohun kan ló kù: ìṣirò òjò gbogbo abúlé Sókótó, tí kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe tán kí àwọn olùdánwò tó dé ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ń lọ bí ìgbín tó ń lọ kí àna tí kò fẹ́ràn. Àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ni yóò fi ṣe é, àwọn oníná kì í sì í jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ bá iná nílé. Iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà á gbàgbé gbogbo rẹ̀, Fádípẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti abúlé àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gun Vespa lọ sí Mabera, lọ́dọ̀ Danladi tó ń tún rédíò ṣe, tó sì ń kó ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wá láti Kano. Sábó Ìbàdàn ni wọ́n bí Danladi sí; Yorùbá rẹ̀ já gaara.

"Màlámù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó yára nìyí. Kírísítà yìí, tó ń dá eré fún un, á tún máa lé e kọjá ibi tí àwọn tó ṣe é ní kó sá dé. Mẹ́mórì ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn. Èyí kéré, ó yára. Èyí tóbi, ó lọ́ra."

"Gbé ńlá wá."

"Haba, Màlámù! Bí ọpọlọ bá ń sáré béèrè ọ̀rọ̀, tí mẹ́mórì ò tíì rántí, ohun tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló máa sọ. Ẹ mú kékeré, kí ẹ pín àwọn abúlé yẹn sí méjì."

"Èmi? Kí n pín kí ni? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ra ìkòkò kékeré."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bó ti ń tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Bísọ́lá, ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ lónìí. Bóyá iná á dúró."

"Iná? Ní Arkilla? Ìwọ náà, máa gbàdúrà ohun tó ṣeé ṣe."

Kọ̀ǹpútà sáré! Wọn ò tíì pe ìrun ọ̀sán tó fi parí. Fádípẹ̀ fò sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu àjà. Ó wá ka èsì. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ Disẹ́ńbà, òjò ti rọ̀ tó láti ri ràkúnmí tòun ti olówó rẹ̀. Ní ìhà Kofar Rini, ńṣe ni òjò ń gòkè padà sọ́run.

Ó sáré padà sí Mabera lọ gba mẹ́mórì kékeré.

"Wallahi, Màlámù, ẹnì kan ti rà á láàárọ̀ yìí."

Ó wá òmíràn kiri gbogbo ìlú; oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó délé. Fáànù ṣì ń yí.

"Ìgbà wo niná dé?"

Àtinúkẹ́ tọ́ka sí fáànù. "Kò lọ rárá."

Fádípẹ̀ dá kírísítà àtijọ́ àti ọpọlọ àtijọ́ padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, láti abúlé àkọ́kọ́.

Fọganáísà ará Ìlọrin tó ń gbé iwájú ilé wọn yọjú lójú fèrèsé. "Dókítà! Irú iná wo lèyí, látàárọ̀! Ẹ kú ìgbádùn o!"

Fádípẹ̀ la ẹnu láti dáhùn. Iná lọ.