Ọjọ́ Tí A Kúrò Lápá Òsì

Lábẹ́ agbòòrùn ìyá oníwèé ìròyìn létí ọ̀nà Addó ní Ajah, àga kan ṣoṣo ló ṣeé fẹ̀yìn tì. Bẹ́ǹṣì ni ìyókù, bẹ́ǹṣì náà sì ti sán níbì kan tó máa ń gé èèyàn nídìí jẹ. Láti bí ọdún mẹ́ta ni èmi àti Alàgbà ti ń du àga yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín títí di ọ̀sán, nítorí náà àwa àgbàlagbà méjì tí a ti fẹ̀yìntì, tí ọ̀gá kankan kò dúró dè níbikíbi, ń sáré jáde nílé láàárọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ti pẹ́.

A kì í ra ìwé ìròyìn, ká má purọ́. À ń ka àkọlé ojú ìwé iwájú, a ó wá fi wákàtí méjì jiyàn lórí ohun tó wà nínú, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà. Ìyá oníwèé ti gba kámú. Òfin méjì péré ló ṣe fún wa: a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé, a kò sì gbọdọ̀ fi fóònù parí àríyànjiyàn. Òfin kejì yìí, àwa fúnra wa la bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Bí èèyàn bá ti yọ fóònù jáde, tó ní báyìí-báyìí ló rí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kí la tún fẹ́ ṣe títí ọ̀sán?

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì n'Ìbàdàn, láyé ìgbà tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọ aṣọ, tí wọ́n tún ń bá a lọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ìjọba tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò bá ìtàn tan rárá, ṣùgbọ́n ìtàn kò kúrò lára mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mìíràn ń gbin ewébẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn kan ń ta ayò. Ìgbafẹ́ tèmi ni kí n máa rántí ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo rántí ìgbà tí ibi tí wọ́n kọ́ ẹ́sítéètì VGC sí jẹ́ àbàtà, tí ọ̀pọ̀lọ́ ń ké níbi tí jíìpù ńláńlá ń sùn sí lónìí. Mo máa ń sọ fáwọn aládùúgbò wa ní Thomas Estate pé omi ló ni ilẹ̀ tí a wà yìí. Wọn kì í gbà mí gbọ́, àfi bí òjò bá rọ̀.

Alàgbà kò ka ìwé tó tèmi, ṣùgbọ́n ó gbọ́n jù mí lọ, n kò sì ní jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Bó bá ti ìsìn Ọjọ́rú bọ̀, pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn àti ẹsẹ̀ lásán, ṣe ló máa ń fò láti abẹ́ ibòòji kan bọ́ sí òmíràn nítorí ọ̀dà tó gbóná. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dá mi lójú pé èmi ni n óò kọ́kọ́ dé ìdí àga nìyẹn. Kó tó fẹ̀yìntì, ó wà lára àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba. Bí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá fi téèpù wọn ilẹ̀, kó ya àwòrán, kó sì sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọjọ́rú kan báyìí, àkọlé ìwé ìròyìn ni pé wọ́n mú àwọn awakọ̀ tó ń gba wọ́n-wéè. Ìyá oníwèé pòṣé.

“Ẹ wo àgbàlagbà tó wọ kóòtù, tó wá ń kọjú ọkọ̀ sí ọkọ̀!”

“Má bá wọn wí jù,” ni mo wí láti orí àga. “Nígbà kan, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ló ń gba apá òsì.”

“Bàbá Yunifásítì, ẹ tún ti dé o.”

“Bi Alàgbà. Òyìnbó ló fi wá sí òsì. Nígbà tó yá, ìjọba ní ká bọ́ sí ọ̀tún bíi ti àwọn tó yí wa ká. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ sún. Ọjọ́ Àìkú ni, Àìkú Ọdún Àjíǹde.”

Alàgbà dúró lórí páálí kan kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà jó. Ó ní, “Ọjọ́ Ajé ni.”

“Àìkú.”

“Ọ̀mọ̀wé, Ajé ni! Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Dírẹ́bà ń gbàdúrà, èrò ń ṣe àmín.”

“Ajé Ọdún Àjíǹde? Tí ìjọba fún wa ní họlidé? Ta ló wá ṣí ọ́fíìsì fún yín?”

Ìyá oníwèé bú sẹ́rìn-ín. Alàgbà fa sùtánà rẹ̀ mọ́ra. “Ẹ̀rí dà?”

Ẹnu mi yá jù. “Ẹ̀rí wà nílé mi. Ìyàwó mi ni. Ọjọ́ yẹn gan-an la pàdé.”

“Ó tán,” ni ìyá oníwèé wí. “Ká lọ bi Màmá. Ẹni tó bá jàre ló ni àga yìí títí ayé. Ẹni tó bá jẹ̀bi, bẹ́ǹṣì.”

Alàgbà ní àwọn á wá ní Sátidé. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Inú Márúwá tó ń gbé mi lọ sílé ni mo ti wá rántí ohun tó wà nínú ìtàn náà, òtútù sì mú mi nínú ooru Ajah.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa láti ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún rèé. Ní Àìkú Àjíǹde yẹn, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú aṣọ funfun tuntun àti fìlà koríko. Ó gbàgbé pé òfin ti yí padà, ó gba apá òsì, ó sì lọ kọlu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tó ń gba ọ̀tún rẹ̀ jẹ́jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bínú. Ó dárí jì í. Ó tilẹ̀ bá a ti kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́ délé. Ọdún kejì rẹ̀, wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn ọmọ wa mọ ìtàn yìí sórí.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an wá rèé: èmi ni mo gba òsì. Rédíò ti pariwo rẹ̀ títí, èmi náà sì ti gba gbogbo ará yàrá mi nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọdún ni mo ń sáré lọ jẹ, ara mi sì ti mọ ọ̀nà náà débi pé kò bi orí mi léèrè. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, aṣọ funfun ló kún ojú mi. A ṣubú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún nítorí aṣọ rẹ̀. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá sí òdìkejì títì. Mo padà wá gbé tèmi. Mo wá dì í lọ́wọ́ mú, mo mú òun alára sọdá, mo sì fi í jókòó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa ṣíjú, èèyàn méjì-mẹ́ta ti dé. Mo na ọrùn, mo fi ohùn tí à ń lò níbi ìpàdé akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé, “Arábìnrin, ṣé ẹ kò gbọ́ rédíò ni?”

Ó wò yíká. Òsì rẹ̀ ló jókòó sí lóòótọ́. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ohun kan ni n kò rò tẹ́lẹ̀. Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ta á lóṣù yẹn, ó ní orí òun kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Nígbà tí a ra ọkọ̀ wa àkọ́kọ́, ó ní kí n kọ́ òun. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ìwọ tí rédíò ń pariwo, tí o ṣì gba òsì?” Òun náà rẹ́rìn-ín. Kò tún bèèrè mọ́.

Nígbà tí Sátidé pé, Alàgbà dé pẹ̀lú ṣòkòtò àti bàtà, bí èèyàn gidi. Ìyá oníwèé tẹ̀lé e, ó wọ híjáàbù tuntun. Ìyàwó mi gbé ṣinṣín àti sóbò tútù síwájú wọn. Kí wọ́n tó bi í léèrè tán ló ti dáhùn.

“Àìkú ni o, Alàgbà. Àìkú Àjíǹde. Ọjọ́ tí mo fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!”

Ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá oníwèé pàtẹ́wọ́, ó ní mo ti gba àga. Alàgbà dorí kodò, mo rò pé ó ń ṣọ̀fọ̀ àga ni.

“Màmá,” ló wí nígbà tó yá, “ẹ jọ̀ọ́, fìlà koríko yẹn ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà rántí fìlà! Inú gọ́tà ló bọ́ sí. Kí n tó dìde, ó ti rẹ.”

“Gọ́tà ibo?”

“Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, lẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó lódìkejì, mo ń wò ó, ẹkún ń gbọ̀n mí.”

“Fìlà wá fò kọjá títì, ó lọ wọ gọ́tà.”

“Ó ní láti jẹ́ atẹ́gùn.”

Alàgbà gbórí sókè, ó wò mí. Ojú tó fi wò mí, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ti rí i rí.

“Atẹ́gùn,” ló wí. “Atẹ́gùn yẹn kàwé o.”

Ní Ọjọ́ Ajé, mo bá a lórí àga, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

“Alàgbà, ẹ dìde. Àga mi nìyẹn.”

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Téèpù mi ṣì wà nílé. Mo lè wá ya àwòrán fún Màmá.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó gé mi jẹ. Bí a ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ìyá oníwèé ní, “Ẹni tó jàre ló tún wà lórí bẹ́ǹṣì? Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ̀ ń fi pa mọ́ fún mi?” Mo ní dókítà ló ní kí n má fẹ̀yìn ti nǹkan.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìyàwó mi wọṣọ láti lọ síbi ìpàdé àwọn obìnrin ní VGC. Ọkọ̀ tó fi fóònù pè ní òun ò wá mọ́. Èkejì náà ní òun ò wá mọ́. Ọkọ̀ tiwa wà níta, ó ti kún fún eruku láti ìgbà tí dókítà ojú ti ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ìyàwó mi dúró tì í, ó ń fi ìka nu gíláàsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ká ní orí mi mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì ni,” ló wí, “mi ò bá ti máa fi ọkọ̀ yìí gbé àwa méjèèjì kiri. Ẹ má bínú, Dádì.”

Ìgbà kejì rèé tó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Mo lè fi ara da bẹ́ǹṣì títí tí n óò fi kú, ṣùgbọ́n n kò lè fara da èyí.

Mo ní, “Fìlà yẹn kò fò.”

“Fìlà wo?”

“Ibi tí a ṣubú sí gan-an ló wà. Èmi ni mo gba òsì. Mo gbé ọ sọdá.”

Ó yọ ìka kúrò lára gíláàsì. “Èmi àti kẹ̀kẹ́?”

“Kẹ̀kẹ́ ló ṣáájú.”

Ó wọlé, ó bọ́ aṣọ ìpàdé rẹ̀, ó gbé e kọ́. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, “oúnjẹ ti délẹ̀” nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde sí mi. N kò lọ síbi ìwé ìròyìn. Mo jókòó ní pálọ̀, mo ń ka iye ìgbà tó kọjá lọ́dọ̀ mi láìwò mí. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun gbọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ilé náà bí obìnrin yẹn kò bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹ̀gbẹ́ tíì mi.

“Ẹ óò kọ́ mi.”

“Ọkọ̀? Ní ọjọ́ orí wa yìí?”

“Bàbá, ṣé ẹ kò gbọ́ rédíò ni?”

N kò mọ̀ pé ó ṣì rántí gbólóhùn yẹn. Mo mu tíì mi tán kíákíá.

A gba ìwé àṣẹ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ fún un, kí ẹnikẹ́ni má fẹjọ́ wa sùn. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ ibi tí bíréèkì wà. Síbẹ̀ ó ní òun kò lè fi ẹ̀mí òun lé èmi nìkan lọ́wọ́, ó lọ gba olùkọ́ gidi kún mi. Àárọ̀ kùtù la máa ń yí ká ẹ́sítéètì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì á máa kan sáárá sí i. Bó bá ti dé ìkòríta, á wò mí, á ní, “Ọ̀tún ni, àbí ẹ ti gbé e sọdá?” Kò sí ọjọ́ tí kò sọ ọ́. Mo ti gbà.

Nígbà tó gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbé mi lọ síbi ìwé ìròyìn. A fi bí ìgbín lọ sí ọ̀nà Addó, gbogbo hóònù Ajah ń ké lẹ́yìn wa. Ó páàkì síwájú agbòòrùn, taya kan gun orí páálí Alàgbà. Alàgbà dìde lórí àga, ó gbọn eruku kúrò lára àga náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyàwó mi.

“Màmá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ jàre, láti ìgbà yẹn.”

Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì. Ó ní àga náà dára. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀: ó ra ìwé ìròyìn, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìyá oníwèé ń wò ó bí ẹni tó rí málékà. Àárọ̀ gbogbo ló ń gbé mi wá báyìí, ó sì ń jókòó síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ jiyàn, á ní, “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ o, ojú ewé kẹfà,” àríyànjiyàn á sì kú sí wa lẹ́nu.

Èmi àti Alàgbà jọ wà lórí bẹ́ǹṣì, à ń sún síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ibi tó sán má baà kan ẹnì kan nínú wa. Lánàá, ó fi ẹnu kàn mí létí, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí Màmá má baà gbọ́.

“Ọ̀mọ̀wé,” ló ní, “Ọjọ́ Ajé ni ṣá.”