Ọta Mẹ́ta, Orúkọ Kan

Ẹsẹ̀ ṣòkòtò dúdú kan ni mò ń ká lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló ni ín, ó sì fẹ́ gbà á kí aago méjì tó lù. Ìsọ̀ tí mo ti ń tún aṣọ ṣe wà nínú ọjà abẹ́ òrùlé ní Ashton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ẹni tó ń ta bọ́tìnnì àti ẹni tó ń ta wàràkàṣì. N kì í gbé ìpè bí abẹ́rẹ́ bá ṣì wà lára aṣọ. Mo rán an dé ìparí, mo já òwú, kí n tó wo ẹni tó ń pè. Olùkọ́ mi ni.

Olùkọ́ mi yìí, ìyá òyìnbó kan ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó gbé jákẹ́ẹ̀tì kan wá pé kí n pààrọ̀ awọ tó wà ní èjìká rẹ̀. Mo bi í pé irú iṣẹ́ wo ló ń jẹ awọ èjìká kan ṣoṣo tí èkejì sì dà bí tuntun. Ó ní ìbọn ni. Ó ní òun a máa yìnbọn sí pátákó láti ọ̀nà jíjìn, pé bí ọwọ́ mi bá gún tó bí ìránṣọ mi ṣe gún, kí n wá wò ó ní Sátidé. Mo lọ wò ó ní ẹgbẹ́ ayìnbọn wọn, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń lọ. Ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Ahọ́n mi kọ̀, torí náà “Mà” ni mò ń pè é, òun náà ti gbà fún mi.

“Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń rìnrìn àjò ní Sátidé,” ó wí. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò lò. Friday ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ. Ọta wo lo kọ síbẹ̀?”

“Mi ò tíì kọ ọ́, Mà.”

“Láti oṣù tó kọjá? Orí ìlà kan ṣoṣo?”

“Ìlà náà gùn ni, Mà.”

“Ìlà náà ò gùn. Ìwọ lò ń fà á.”

Ní ìlú yìí, èèyàn kì í ṣàdédé ra ìbọn. Ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ lẹ́yìn tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọn a sì kọ irú ọta tí ìbọn náà ń jẹ sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá kọ nìkan lo lè rà. Bí o bá yí ọkàn padà, fọ́ọ̀mù mìíràn ni, ìdúró mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ ní oṣù September, ẹgbẹ́ wa máa ń lọ sórí òkè kan ní Wales láti yìnbọn sí irin funfun kan láti máìlì kan. Máìlì kan jẹ́ ẹgbẹ̀sán yáàdì ó dín ogójì. Láti ibẹ̀, irin náà kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ lójú, kálukú ló sì ń mú ìbọn tirẹ̀ lọ. Olùkọ́ mi ti sọ pé ọdún náà ni òun máa gun òkè yẹn kẹ́yìn, torí orúnkún òun. Òun ni mo fẹ́ kó dùbúlẹ̀ tì mí, kó máa wo atẹ́gùn fún mi. Bí fọ́ọ̀mù mi kò bá lọ ní Friday, tàbí tí mo bá kọ ọta tí kò bá mi mu, ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn, olùkọ́ mi kò sì ní sí níbẹ̀.

Ọta mẹ́ta ló wà níwájú mi, nọ́ńbà la sì fi ń pè wọ́n nínú ẹgbẹ́. Èkíní ni six-five. Mo fi tépù mi wọ̀n ọ́n, íǹṣì mẹ́ta ó dín díẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni, kì í ti èèyàn, atẹ́gùn kì í sì í tètè gbá a kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀tù inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọta tó bá fẹ́ lọ tààrà gbọ́dọ̀ máa sáré ju ohùn lọ. Bí eré rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ dé ìwọ̀n ohùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bíi táyà tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ tú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí yóò gbà. Ó máa ń rẹ six-five kó tó dé máìlì kan.

Three-three-eight ni baba wọn, íǹṣì mẹ́rin ó dín díẹ̀, ó sanra. Òun débẹ̀ láìmí hẹlẹ. Àmọ́ bó ṣe ń lọ síwájú ló ń ti èèyàn sẹ́yìn. Three hundred wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí a bá fi orí ọta tó gùn tó sì wúwo sí i, a máa di eré rẹ̀ mú títí dé ìtòsí máìlì náà. Kò sẹ́ni tó ń fi í yangàn.

Mo ti yá ìbọn àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mo sì ti yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kékeré mi. Ohun tó dá mi dúró kò sí nínú ìwé. Ọkùnrin ẹgbẹ́ wa kan ló rí mi pẹ̀lú six-five, tó ní, “Ìyẹn ni ìyá mi fi ń ṣeré lẹ́yìn tíì.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé. Ọkọ mi, tí kò fọwọ́ kan ìbọn rí, ní three-three-eight ni kí n mú. Ó ti sọ ọ́ fún wọn níbi iṣẹ́.

Nígbà tí olùkọ́ mi gbé fóònù sílẹ̀, mo rò ó pé kí n tún bi ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í gbé ìpè, ṣùgbọ́n ó máa ń ka WhatsApp nígbà ìsinmi. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá, láìfi àmì ohùn sí i, torí fóònù mi kò ní wọn:

“E ku ise o. E jowo e ba mi gbadura soro ota mi yi. Meta ni won, okan soso ni mo gbodo mu, Friday ni won fe gba oruko re. Eyi to lagbara ju ninu won ti n ba ejika mi ja lati ojo yen.”

Mo fi ránṣẹ́, mo da ojú fóònù bolẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ìrán ṣòkòtò náà. Èmi tí mo máa ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e, mi ò wo ibi tí mò ń fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbà á.

Awakọ̀ ti wá gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀. Olùdarí ẹgbẹ́ àdúrà náà ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tí kò jìnnà sí ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

Mo kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàsán, mà.”

“Dìde, dìde. Níbo ni wọ́n wà?”

“Ta ni, mà?”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Ṣé ìwọ náà ni? Gbogbo ìgbà lo máa ń dákẹ́ ní ìpàdé, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ ká báyìí. Dárúkọ wọn fún mi.”

Mo rò pé ọkọ mi ló sọ fún un. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n àgbà ló bèèrè. “Six-five, three hundred, àti three-three-eight, mà.”

Ó wò mí.

“Nọ́ńbà ilé wọn nìyẹn?”

“Rárá o, mà.”

“Òpópónà wo? Three hundred ti jìnnà ju kó wà ní àdúgbò yín lọ.”

Ìgbà yẹn ni mo yí fóònù mi padà. “Iná!” ló kún ojú rẹ̀, mo ka mẹ́sàn-án. Ẹnì kan ní kí ló dé tí mo fẹ́ mú ọ̀kan, ṣé wọ́n ń pín ọ̀tá ni. Ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́, tó ń gbé ní Fallowfield, kọ ọ́ pé: “Aunty, abeg drop the strong one’s address.”

“Mọ́mì,” mo ní, “ọta ni mà. Kì í ṣe ọ̀tá. Re re ni mo kọ. Ẹ kà á ní dò mí.”

“Re re?” Ó pè é lábẹ́ ètè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tẹ tábìlì bí ọmọ iléèwé. Lójijì ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà. “Ọta! Ti ìbọn? Ìwọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ìwọ tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ títí a ó fi ṣe Àmín?”

“Ibi tí a ti ń yìnbọn náà kò gba ariwo ẹnu, mà.”

“Kí lò ń yìn?”

“Irin, mà.”

“Kí ni irin ṣe fún ọ?”

Ẹ̀rín pa mí, ó pa òun náà, títí ẹni tó ń ta wàràkàṣì fi yọjú wò wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: fọ́ọ̀mù, Wales, olùkọ́ mi àti orúnkún rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá tó ń ṣeré lẹ́yìn tíì. Bó ṣe ń gbọ́, ó dìde wá sẹ́yìn mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ èjìká mi ọ̀tún. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn lójoojúmọ́ kì í bèèrè ibi tó ń dunni. Mo fò sókè.

“Hùn-ún. Ta ló ṣe èyí? Eléyìí tó lágbára jù?”

“Three-three-eight ni, mà.”

“Òun lo sì fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.”

“Àwọn ọkùnrin náà ní...”

“Ta ló fẹ́ wọ ṣòkòtò náà, ìwọ àbí àwọn tó ń wò ó? Ẹni tó bá wá bá ọ níbí tó ní kó o gé e ní ìwọ̀n ẹlòmíì ńkọ́, kí lo máa sọ fún un?”

“Màá ní kó lọ pe ẹni náà wá, mà.”

“Ó dáa. Pe ara rẹ wá.”

Mo mú ìwé kékeré mi jáde, mo ṣí i sí ojú ewé three-three-eight. Èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ sún mọ́ra. Láti orí ìkẹrin, wọ́n túká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mo sì ti kọ ọ́ sí i: *mo di ojú*. Kí ìbọn tó dún ni mo ti ń di ojú, torí mo ti ń retí bí yóò ṣe gbá mi léjìká. Ọta lè lágbára láti dé òpin ayé, bí ẹni tó yìn ín bá ti di ojú, kò débi kan. Mo ṣí ojú ewé three hundred. Ó ń ti èèyàn, ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bani. Mo yẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò. Mi ò kọ *mo di ojú* sí ẹyọ kan.

Mo pe olùkọ́ mi níṣojú olùdarí wa.

“Three hundred, Mà.”

“Nítorí kí ni?”

“Six-five ò débẹ̀. Three-three-eight débẹ̀, èmi ni mi ò débẹ̀.”

“Lẹ́tà gàdàgbà ni kó o fi kọ ọ́. Akọ̀wé ò ríran dáadáa.”

Olùdarí wa kò fi mí sílẹ̀ títí mo fi kọ ọ́. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àdúrà pé kí wọ́n dá iná dúró, pé re re ni, wọ́n sì wà lórí ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ọkọ mi dé tó sì gbọ́, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Three hundred kẹ̀, Mummy! Mo ti sọ fún gbogbo ibi iṣẹ́ pé three-three-eight nìyàwó mi ń yìn.”

“Ẹ sọ fún wọn pé mo ti gé e kúrú, Daddy.”

Lọ́jọ́ Friday, akọ̀wé fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá kan wá wo ilé wa, ó fi ọwọ́ mi àpótí irin tí ọkọ mi kàn mọ́ ògiri fún ìbọn, kò mì. Ìwé àṣẹ dé ní oṣù August, mo fi ra ìbọn mi.

Atẹ́gùn wà lórí òkè ní Wales lọ́jọ́ tí a lọ ní September, ó ń ti ọwọ́ òsì bọ̀ wá sí ọ̀tún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wo ọta ọwọ́ mi, ó mi orí. Olùkọ́ mi gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó lè dùbúlẹ̀ tì mí, kò jẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́. Ó fi ojú sí awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Mo yin èkíní. Láti ìgbà tí ìbọn dún, mo lè sọ “Jésù, ṣàánú fún mi” tán kí ọta tó balẹ̀. Eruku sọ ní apá ọ̀tún irin.

“Ìwọ̀n ìbú irin kan, sí òsì,” ó wí.

Mo sún un sí òsì. Mo mí síta. Èjìká mi ń retí, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù, ojú mi sì là sílẹ̀ gbangba nígbà tí ìbọn dún. Mo rí i bí ọ̀dà funfun ṣe fò lára irin náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, tínrín, bí ẹni fi ṣíbí kan àwo. Mo ti ń gbé ìgúnpá mi kúrò nílẹ̀ nígbà tí olùkọ́ mi fi ọwọ́ tẹ̀ mí lẹ́yìn, kò sì gbé ojú kúrò lára awò rẹ̀.

“Má tíì dìde. Tún un yìn, kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe oríire.”